Ohùn Yín ní Ṣọ́ọ̀bù Àwo Orin

Ìyá mi ní Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn,

Ẹ kú ilé o. Ara wa le. Òtútù Leeds ò burú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù àwo orin àtijọ́ kan, kí ara mi lè móoru. Orin rọ́ọ̀kì kan ń lọ lọ́wọ́, jìtá ń ké kíkankíkan, obìnrin kan sì ń kọrin Yorùbá lé e lórí. Ohùn yín ni.

Ọlọ́jà náà ní, "Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, ó tó àádọ́ta ọdún. Kò sẹ́ni tó mọ akọrin yẹn."

Mo ní, "Ìyá mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá kọ orin náà bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́ tí ẹ bá ń fọṣọ. Ló bá pa ẹ̀rọ, ó ní kí n máa kọ ọ́ lọ.

Ó fẹ́ tún àwo náà tẹ̀, ó sì ń bèèrè orúkọ yín. N kò tíì sọ ọ́, torí ẹ̀yin náà ò sọ fún wa rí pé ẹ ti kọrin sínú àwo. Ṣé kí n sọ?

Sófíyà ọmọ mi ń kí yín. Iṣẹ́ ti gbé bàbá rẹ̀ lọ sílùú mìíràn láti ìgbà Iléyá, ó sì kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ má wulẹ̀ pè é. Mo ti bá a kí yín.

Ọmọ yín,
Qúdrát