Sítóòfù Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Susannah

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Ọ̀nà Ìjagun,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde.
                                        4 Oṣù Kẹta, 1986.

Bọ́dúnrìn, àbúrò mi àtàtà,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyí: sítóòfù kan, àgádágodo kan, àwọn bẹ́ẹ̀dì fóòmù tó kún inú iyàrá, àti ẹsẹ̀ Alhaja Mùínátù tí kò lè gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Má bínú pé mi ò tíì kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Mọ́ṣádé ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi náà le, bí a bá yọ ti oorun kúrò. Òjò kò tíì rọ̀ níbí, gbogbo nǹkan gbẹ táútáú, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà.

O mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé àwọn àgbàlagbà tí ìjọ wa dá sílẹ̀, níbi tí Àǹtí Susannah ẹ̀gbọ́n wa àti Alhaja Mùínátù jọ ń gbé iyàrá kan. A fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì kan bá wa dójú tòfò ilé náà, nítorí iná. Wọ́n ti kìlọ̀ pé àwọn kì í gba ilé tí wọ́n bá ti ń dáná nínú iyàrá tí èèyàn ń sùn. Èmi sì dáhùn pé kò sí irú rẹ̀, pé ilé ìdáná wà lẹ́yìn, Nọ́ọ̀sì Rose ló ń tọ́jú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọbẹ̀ Rose kò tẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí lọ́rùn, pé kálukú ló ní sítóòfù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó fi ìró bò ó.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, aṣojú ilé iṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Albert, dé. Rose ti lọ sọ́jà, ó sì ti ti ilé ìdáná pa. Albert yẹ àwọn iyàrá wò, kò rí nǹkan kan. A pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, a sì padà wọlé kí ó lè dágbére fáwọn ìyá. Àṣé Alhaja Mùínátù ti rin ewùrà láti àárọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì wọn! Kí n tó lanu, Àǹtí ti gbé ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná síwájú àlejò.

"Ta ni yóò wá sílé wa, kí ó fi ẹnu gbígbẹ lọ?"

Ọkùnrin náà jẹ ẹ́, ó yìn ín, ó tún bù sí i. Ló bá bèèrè ibi tí wọ́n ti sè é, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìdáná wà ní títì. Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n fa sítóòfù jáde.

"Òun nìyí, ọmọ mi. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́."

Bọ́dúnrìn, ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Albert kò pariwo. Ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wo Alhaja, ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí Rose fi àgádágodo tì nítorí bàbá kan tó máa ń ṣìnà jáde, ó wá kọjú sí mi.

"Bàbá, bí iná bá sọ, ta ni yóò gbé ìyá yìí? Ínṣọ́ránsì lè bá yín tún òrùlé kàn." Ó ní ọrùn ìgbìmọ̀ ni ìyókù wà.

Ó ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí. A ti yọ àgádágodo náà, a fi ìkọ́ tó ṣeé ṣí láti inú rọ́pò rẹ̀, a so agogo mọ́ ọn kí Rose lè máa gbọ́ bí bàbá yẹn bá ń jáde. A kọ́ àtíbàbà onípáànù sí ìsàlẹ̀ ọgbà, a gbé korobá iyanrìn síbẹ̀, kí wọ́n máa dáná níbẹ̀ lọ́sàn-án. Gbogbo àwọn ìyá ló ti gbé sítóòfù wọn lọ, àfi Àǹtí. Ìgbìmọ̀ sì ti sọ pé ẹni tí kò bá gbé tirẹ̀ jáde, kí ó máa lọ sílé. Ilé wo? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, wọn kò lè gùn ún mọ́. Ilé wọn ní Òdògbólú ti wó. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ fọwọ́ kan sítóòfù yẹn bóyá ó ti tutù. Wọ́n á máa fi mí ṣẹ̀sín.

"Simeon tí ń da omi sí eérú àná! Ṣé kí n máa dáná lóde bí ẹni tí wọ́n lé nílé ọkọ ni?"

Mo lè ní kí wọ́n fi agbára gbé e. Ọwọ́ mi kò gbé e. Nígbà tí Ìyá wa kú, ẹ̀yìn wọn lo wà tí wọ́n fi ń dáná fún wa, láti ìgbà náà, mi ò rò pé ọjọ́ kan ti kọjá tí wọn kò bọ́ ẹnìkan. Lánàá, nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n yíjú sógiri, wọ́n ní, "Bí Bọ́dúnrìn bá jókòó sábẹ́ páànù yẹn, tó jẹ oúnjẹ mi níbẹ̀, á jẹ́ pé ibẹ̀ náà ti di ilé."

Ìyẹn ni pé ìwọ nìkan ló lè mú kí sítóòfù yẹn jáde kí Albert tó dé.

Bá mi kí Mọ́ṣádé àtàwọn ọmọ. Alhaja Mùínátù ní kí n kí ọ, wọ́n ní ewùrà kò tán. Awakọ̀ Yẹ̀kínì ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, má kọ èsì, má sì sọ fún mi pé orúnkún ń dùn ọ́, èmi ni n ó gbé báàgì rẹ. Mò ń bọ̀ wá mú ọ ní Ìbàdàn. Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ni n ó gbéra.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń wá oorun,
                                        Simeon.