Null Tó Ń Sun Tùràrí fún Ìyá Àgbà

                                        Bukgyo-dong,
                                        Mokpo.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2007.

Eun-sil, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

“Na-rae! Ta ni ń jẹ́ Null? Èmi àkọ́bí sun tùràrí fún ìyá mi, ẹ wá ní Null ló sun ún!”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo báyẹn ní pálọ̀. Etí mi ṣì ń hó. Má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Busan? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Àbúrò rẹ olórí kunkun yẹn ńkọ́?

O rántí ojú ìwé tí mo ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìrántí Ìyá Àgbà? Téèyàn bá tẹ àwo tùràrí, èéfín á rú, orúkọ ẹni tó sun ún kẹ́yìn á hàn lábẹ́ fọ́tò wọn. Flash, ètò tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn, ni mo fi ṣe èéfín náà, ActionScript, èdè kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ló ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n JavaScript, èdè kejì tó wà lára ojú ìwé, ló mọ orúkọ ẹni tó wọlé, òun ni ActionScript ń pè pé kó bá òun wá a. Orúkọ gbogbo wa ló wá di null, ìyẹn ni pé kò rí èsì kankan gbà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, “Bàbá Jin-seop, ẹ fi Null sílẹ̀ o. Kó wá bá mi fọ abọ́ lọ́jọ́ ọdún Chuseok, ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí ò kúkú ní fọ̀ ọ́.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n tún un ṣe kí ẹbí tó pé jọ fún ọdún ìkórè náà.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé mo ti tún un ṣe rí, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní ilé kọ̀ǹpútà iwájú ilé ìwé. JavaScript ń rí orúkọ náà, n kò kàn kọ return sí i kó lè dá a padà ni. Àfi bí ọmọ tá a rán níṣẹ́, tó jíṣẹ́ tán, tó wá jókòó sọ́hùn-ún. Mo kọ ọ́ sí i, mo tún ojú ìwé ṣí. Orúkọ tó jáde ni Mi-ryeong.

Eun-sil, Àǹtí Mi-ryeong! Àbúrò bàbá mi tó fẹ́ pásítọ̀, tí wọ́n kọ̀ láti forí balẹ̀ níwájú oúnjẹ ìrántí òkú, tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ní wọn ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́. Èmi ni mo fi orúkọ wọn sí i nígbà tí mò ń kọ ti gbogbo ẹbí. N kò mọ̀ pé wọ́n ń wọlé síbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n wọn bá rí i, wọ́n á ní kí n pa orúkọ náà rẹ́. Bí ọkọ wọn bá gbọ́ ńkọ́? Mo sáré yọ return kúrò, mo lọ sílé, mi ò jẹun.

Bá mi kí Màmá. Sọ fún àbúrò rẹ pé mo ní kó yé jà.

Wọ́n tún ń pè mí ní pálọ̀. Màá dá return padà, orúkọ kálukú á hàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Àǹtí ló sun tùràrí, orúkọ tèmi, Na-rae, ni yóò dá padà. Kí wọ́n máa yìn mí pé mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà ju gbogbo wọn lọ, màá dákẹ́. Ya lẹ́tà yìí tó o bá kà á tán. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi níbí, títí kan Àǹtí fúnra wọn.

                                        Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ,
                                        Na-rae.