Orí Amọ̀ Tí Ìyá Wa Sìn Lọ Sílé Ọkọ

                                        Ilé Awóyẹmí,
                                        Ìrẹ̀mọ,
                                        Ilé-Ifẹ̀.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1956.

Àníkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Fọláyọ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ tí o sọ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Fọláyọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń fà káàkiri ilé bí ìgbín? Ẹ kú ọyẹ́ tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ bọ̀ o. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kì í jẹ́ kí o sinmi, ṣùgbọ́n rántí jẹun. Àwa náà ń bẹ láàyè, Ọlọ́run ni ọpẹ́ yẹ. Ọlátúnbọ̀sún ọmọ mi ti hu eyín kan nísàlẹ̀, ó sì ti fi gé mi jẹ. Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó bá sùn, mo ṣì máa ń gbé etí mi sí imú rẹ̀ kí n gbọ́ bóyá ó ń mí. Ìyá tó bá ti sin ọmọ kan rí, oorun rẹ̀ kì í jinlẹ̀ mọ́.

Ìdúpẹ́ ni lẹ́tà yìí. Mo fẹ́ kí o ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tí mo kọ sí ọ gbẹ̀yìn, ẹ̀bẹ̀ àti ìbínú ló kún inú rẹ̀. Mo ní kí o bá mi yọ ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn kúrò nínú ìròyìn tí mo kọ nípa yàrá ìpàtẹ wa. O kọ̀, o tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà. Ọ̀rẹ́, o ṣeun. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìdí rẹ̀, nítorí ohun tí mo kọ sínú ìwé ìròyìn kò tó ìdajì.

O rántí pé nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ yàrá ìpàtẹ tuntun mọ́ nítòsí Ẹnuwá, èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín pé kí àwọn ará Ifẹ̀ tó ní ère àtijọ́ nílé yá wọn lò. Tìgboyà-tìgboyà ni mo kọ ọ́. Àfi bí àwọn ará àdúgbò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, ti ilé ọkọ tèmi ńkọ́? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá ọkọ mi ní orí amọ̀ kan, orí obìnrin, kò tóbi ju orí ọmọ ọwọ́ lọ. Ìlà tín-ín-rín kún ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, etí òsì rẹ̀ sì ti kán. Abẹ́ igi akòko ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀ sí. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á hú u jáde, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi omi ìwẹ̀ rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ ọmọ tuntun tó bá wà nínú ilé, kí ọmọ náà lè dúró. Àṣà ilé wọn ni.

Mo bẹ Ìyá. Ìyá ronú sí i, wọ́n sì gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan ṣoṣo: bí ọjọ́ ìwẹ̀ bá pé, kí orí náà wá sílé. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì, ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá ìpàtẹ náà, ní kò burú, òun á bá ọ̀gá òun sọ ọ́.

Èmi rò pé a kàn máa fi aṣọ wé e ká gbé e lọ ni. Àṣé Ìyá ní ètò tiwọn. Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, wọn ò bí obìnrin rí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbé e lọ, mo bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti fi osùn pa orí náà, wọ́n ti so ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì ń fi àdìrẹ tuntun bò ó lójú.

Mo ní, "Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ. Ṣé ìhòhò ni kí n rán an lọ?"

Ni gbogbo obìnrin ilé bá tú jáde, a sìn ín tijó-tayọ̀ láti Ìrẹ̀mọ dé Ẹnuwá. Àwọn tó ń tajà dìde, wọ́n ń bèèrè pé, ìyàwó dà? Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàtẹ, Ìyá dúró gbagidi. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní wọlé àfi bí ará ilé ọkọ bá wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì wo orí, ó wo ilẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, kò mà lẹ́sẹ̀."

Ìyá ní, "Ìwọ ọkọ ló máa wá ibi tí ẹsẹ̀ wà."

Ẹ̀rù ń bà á, nítorí omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ amọ̀ tó ti pẹ́. Ó ti ìka kan bọ omi, ó sì fi kan ìdí ọrùn rẹ̀ fẹ́ẹ́. Gbogbo obìnrin hó yèè! Ẹ̀rín ni a rín délé. A ò mọ̀ pé a ti ṣe nǹkan.

Ìpàtẹ náà dára o, Àníkẹ́. O ti ka èyí tí mo kọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Àárín ni wọ́n kó àwọn orí bàbà sí, lórí aṣọ dúdú. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń bọ́ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, débi pé bí o bá ń rìn kọjá, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ojú bá ọ lọ. Ihò kéékèèké yí ẹnu àwọn kan ká. Kálukú ló ń sọ iṣẹ́ tí ihò náà ń ṣe, n kò sì tíì gbọ́ èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Mùnírátù ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ẹ̀wà ní Sábó bá mi lọ. Ó dúró níwájú ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹni tó ṣe eléyìí fẹ́ràn ẹni tó ń wò." Gbogbo ìròyìn gígùn tí mo kọ, mi ò rí irú gbólóhùn yẹn kọ síbẹ̀. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé èdè òyìnbó nìkan ni wọ́n fi kọ káàdì ìdí wọn. Káàdì náà ń sọ ọdún tí wọ́n rí nǹkan, kò sọ ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Nígbà tí ọjọ́ ìwẹ̀ wá sún mọ́, Ìyá ní kí n lọ gba orí wá. Bí mo ṣe fẹ́ jáde ni Bàbá Lágúnjú, olórí ẹbí wa, pè mí padà.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, níbo lò ń lọ?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ta ló wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ níjọ́sí?" Mo ní Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì ni. Wọ́n ní, "Ó parí. Ọmọ tí a ti sìn, tí ọkọ ti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, a kì í ránṣẹ́ lọ gbà á padà, àfi bí ọkọ bá lé e. Ṣé ẹ fẹ́ kí Ifẹ̀ gbọ́ pé wọ́n lé ọmọ ilé Awóyẹmí ni?"

Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá gbọ́, wọn kò sì lè jiyàn, nítorí àwọn fúnra wọn ló sìn ín.

Ìyá kò bá mi jà, Àníkẹ́. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi jà. Wọ́n kàn jáwọ́ nínú gbígbé Ọlátúnbọ̀sún ni. Bí mo bá nà án sí wọn, wọ́n á ní ọwọ́ àwọn dọ̀tí. Bó bá ń ké, wọ́n á wò mí kí n wá gbé e. Ó yé mi. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú yẹn títí, ó sì lọ; wọn ò fẹ́ fi ọkàn sí èyí tí a kò tíì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo kàwé, tí mo gbé ọmọ mi lọ ṣe ìrìbọmi, àyà jíjá ni mo fi ń jí láràárọ̀. Bí o bá bi mí bóyá omi orí amọ̀ lè mú ọmọ dúró, n kò ní lè dá ọ lóhùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo fẹ́ kí ìyá ọkọ mi gbé ọmọ mi.

Inú ìyẹn ni mo wà nígbà tí mo kọ ìròyìn ìpàtẹ fún ọ. Ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn ń jáde lọ́wọ́ mi bí omijé ni: pé ìyàwó kan wà nínú àpótí gíláàsì ní Ifẹ̀, orin ni a fi sìn ín wá, pé wọ́n ti bí àbúrò fún un nílé bàbá rẹ̀, kò sì mọ̀, ta ni yóò mú un lọ kí wọn kú ewu ọmọ? Mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rù bà mí. Ìyá á ní mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta, Ògúndèjì á ní mo fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ni mo bá kọ lẹ́tà oníbìínú yẹn sí ọ.

Ìwé ìròyìn kò tíì pẹ́ ní Ifẹ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì fi wọ ilé wa, ó há a mọ́ abíyá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Lágúnjú, tòun ti ṣòkòtò kakí rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ka ìpínrọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní òótọ́ ni. Àwọn kò lè dá ìyàwó padà, nítorí kò ṣẹ àwọn. Ṣùgbọ́n ọkọ burúkú ni yóò gbọ́ pé wọ́n bímọ nílé àna rẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí ìyàwó lọ kí wọn. Bí ẹbí bá gbà, àwọn á mú un wá lọ́jọ́ ìwẹ̀, àwọn á sì mú un padà sílé ọkọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bàbá Lágúnjú fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Wọ́n wá ní, "Ẹni tó bí ọ kọ́ ọ." Gbogbo ilé mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ ìwẹ̀, inú àpótí tí wọ́n fi òwú tẹ́ ni wọ́n gbé e wá, pẹ̀lú obì àti oyin. Àwọn obìnrin ilé dí ẹnu ọ̀nà. "Àna, ẹ ò ní wọlé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ọmọ wa mọ́ inú gíláàsì! Ṣé ẹ tiẹ̀ ń fún un lóúnjẹ? Ó mà ti rù!"

Ògúndèjì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò rù. Bí ẹ ṣe fà á lé wa lọ́wọ́ náà ló ṣe wà."

Wọ́n tún ní kó dọ̀bálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ nígbà tí Ìyá mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, ó fò dìde. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má fi ọṣẹ kàn án. Ara rẹ̀ ń ṣí."

Ìyá ní, "Ìwọ ló máa kọ́ mi bí mo ṣe máa wẹ ọmọ mi?"

Ó ní, "Rárá o, Ìyá. Ìyàwó mi ni mò ń bá bẹ̀bẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ju ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òwú tí wọ́n rẹ sínú omi ni wọ́n fi nù ún lójú jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sùn, wọ́n sì fún omi náà sínú àwo. Wọ́n wá na ọwọ́ sí mi. Wọ́n ní, "Gbé e fún mi." Àníkẹ́, n kò mọ bí mo ṣe tú ọ̀já. Ìyá wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ta ìpá, ó ta omi sí wọn lójú, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, alágbára!" Mo yíjú sí ògiri, mo sunkún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ògúndèjì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ olóríkunkun. Ká ní o gbọ́ tèmi, mi ò mọ ibi tí à bá wà lónìí. Wọ́n ti kọ káàdì tuntun sídìí orí náà ní èdè Yorùbá: "Orí amọ̀, obìnrin. Ilé Awóyẹmí, Ìrẹ̀mọ, ni ilé bàbá rẹ̀." Bí o bá fẹ́ tẹ èyí náà, tẹ̀ ẹ́.

Bá mi kí Bàbá Fọláyọ̀, kí o sì gbé Fọláyọ̀ jó fún mi. Mùnírátù ní kí n kí ọ. Ìyá náà ní kí n kí ọ. "Ọmọ tó ń tẹ ìwé" ni wọ́n ń pè ọ́. Màá dúró níbí, nítorí ọmú mi ti kún, ó ti rin aṣọ mi, n kò sì rí ẹni tí màá fún. Láti ọjọ́ ìwẹ̀ ni ọmọ ti di ará ẹ̀yìn Ìyá. Wọ́n ti pọ̀n ọ́n jáde láti òwúrọ̀. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé, wọ́n ní ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ọkọ ní Ẹnuwá.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
                                        Fúnlọ́lá Awóyẹmí.