Ohùn Mùsílíù Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ojúlé Kọkànlá,
Adigbe,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Ògún, 1984.

Herbert, ọ̀rẹ́ mi àtàárọ̀,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ṣé òjò Kàdúná kò pọ̀ jù? Èmi náà ń mí, ọpẹ́ ni. Àmọ́ o mọ̀ mí: bí kò bá sí ohun tí mo lè bẹ̀rù, n óò wá a lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló wá mi wá.

Ọ̀rọ̀ Mùsílíù Láwàlì ni, ẹni tí èmi àti òun jọ ń ṣe ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sínú kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn àgbà abúlé. Èmi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, òun ń kà á sínú ẹ̀rọ, nítorí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. A tún ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn olùkọ́ tí yóò máa lò ó. Èmi ni mo fi dandan lé e pé lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ó dákẹ́ títí ènìyàn yóò fi ka ení dé ẹ̀rin, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ráyè dáhùn. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bọ̀dé, o tún ti gbin ìdákẹ́jẹ́ síbí!"

Mùsílíù kú ní oṣù Èrèlé. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré.

Kò pẹ́ tí Péjú, olùkọ́ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì wa ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀fàdà, kọ̀wé sí mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ti yadi. Mo wọkọ̀ lọ. Ohùn Mùsílíù kí wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó béèrè àlàáfíà wọn, ó sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fèsì. Àgbà mẹ́tàdínlógún ń wo ilẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ń yí.

Baba Ògúnlọlá ló gbẹnu sọ fún wọn. "Tíṣà, Péjú ti sọ fún wa pé ọkùnrin yìí ti kú. Òkú ń pè, ẹ ní ká jẹ́ ẹ? Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ná!"

Ìyá kan ní, "Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún kò wù mí tó yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò jẹ́ ẹ.

Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí n fi ohùn tèmi bo tirẹ̀, nítorí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ti wọ́n bí ojú. Bùsírátù, opó rẹ̀, gbọ́, ó sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò rẹ̀ kì í fọhùn. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún mi." Mo ṣèlérí èyí tó kẹ́yìn, ìkejìlá. Mọ́kànlá tó kù ni mo pa rẹ́, bí ẹni tún ń da iyẹ̀pẹ̀ lé òkú rẹ̀ lórí.

Lọ́sàn-án àná, mo ní kí n gbọ́ ìkejìlá wò kí n tó gbé e fún un. Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni. Mo ti gbàgbé pé orúkọ ara mi ni mo kọ síbẹ̀. Ó ní, "Olúbọ̀dé, ṣé o wà níbẹ̀?" Ó dákẹ́. Mo ka ení, mo ka èjì, mo ka ẹ̀ta.

Herbert, mo dáhùn. Mo ní mo wà níbí.

Ó wá ní, "Ó dára. Dúró dè mí, mò ń bọ̀."

Èmi ni mo kọ ọ́! Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Síbẹ̀, oorun kò kùn mí mọ́. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà fún Bùsírátù láàárọ̀ yìí. Ó gbá a mọ́ àyà, n kò sì sọ fún un pé mo ti jẹ́ ẹ.

Péjú ní ohùn tèmi ni wọ́n ń dá lóhùn báyìí, gbogbo wọn ń ké "Gúdù mọ́nìn, sà!" títí dé ojú ọ̀nà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Mo ti fi ìlà kan kún ìparí ìwé àwọn olùkọ́: bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì bá kú, ẹ má sọ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Bá mi kí Tòkunbọ̀ ọmọ rẹ àti gbogbo ará ilé. Tètè fèsì, má jẹ́ kí n kà kọjá ẹ̀rin.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Olúbọ̀dé Fárọ̀mbí.