Káàdì Onífáànù Mẹ́ta Tí Ìyá Rẹ Ń Retí

Àbígbẹ̀yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí yàrá kótópó tí o ń gbé níbẹ̀ yẹn. Ibi tí o ti ń wá oúnjẹ, ojú kò ní tì ọ́ níbẹ̀ o. Ara tèmi le díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn lórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o má baà rò pé mi ò ka iṣẹ́ rẹ sí.

Àwòrán káàdì méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa dé ọ̀dọ̀ wa. O ní o fẹ́ to kọ̀ǹpútà tí wàá máa fi ya ilé fún àwọn kọ́lékọ́lé, pé àpótí rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ há, káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sì máa ń gbóná. O ní ọ̀kan nínú káàdì méjèèjì ní fáànù kan ṣoṣo tó ń fẹ́ bí ẹwìrì. Inú bí mi. Láti kékeré ni mo ti ń fi ẹwìrì ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, kò mú nǹkan kan tutù fún mi rí, ńṣe ló máa ń mú iná ràn sí i. Mo ní kí aránṣọ pè ọ́ kó sọ fún ọ pé wàá sun ara rẹ mọ́lé. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní ooru inú àpótí ni fáànù náà ń kó, tó ń tì í gba ihò ẹ̀yìn jáde. Ó dáa, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́wìrì ni kí o rà. O ní ariwo rẹ̀ pọ̀, ṣé ọmọ alágbẹ̀dẹ ni ariwo máa pa?

Èkejì tó ní fáànù mẹ́ta, o ní kì í pariwo, owó rẹ̀ kò sì tó ti èkíní, àléébù rẹ̀ kan ni pé inú àpótí ló ń tú ooru sí, ibi tó fẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ọmọ mi, ilé wa fẹ̀. Rà á fún wa.

Ìyá rẹ kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Orí àga ló ń jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, tó bá ti fẹ́ sùn báyìí, èémí rẹ̀ á há. Nọ́ọ̀sì ní èéfín ilé iṣẹ́ mi ló ba àyà rẹ̀ jẹ́, mo bi í pé èmi tí mò ń fa èéfín kan náà ńkọ́, ó ṣáà ní kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí ìyá rẹ. Mo ti ti ilé iṣẹ́ pa, páálí ni mo fi ń fẹ́ ẹ, apá mi ti ń kọ̀. Nígbà tí aránṣọ fi àwòrán náà hàn án, ó gba fóònù, ó wò ó títí, ó bèèrè èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀ jù. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Mo mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì í bọ̀, a ò sì ní kọ̀ǹpútà. Káfíńtà ní ìyẹn kò le, òun á kan àpótí tó fẹ̀ fún un, ojú kan á ṣí sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ. Ó wá sílé, ó fa téèpù tó fi ń wọn pákó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ìyá rẹ wò ó, ó bi mí bóyá ó ti yá. Mo ní àpótí fáànù ni. Ó ní kí káfíńtà má fi pákó ṣòfò, pé òun ti rù.

Jọ̀ọ́, fi owó pákó ránṣẹ́ sí wa, kí káàdì náà tẹ̀lé e, kí o sì sọ bó ṣe gùn tó, káfíńtà kò lè gé pákó láìmọ̀. Ó ní tó bá pẹ́ jù, òun mọ ohun tí òun máa fi pákó náà kàn. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ létí mi mọ́, ó ní òun kò fi ṣe èébú.

Ìyá rẹ ní tí owó rẹ kò bá tó ra méjèèjì, kí o ra tìẹ. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà rẹ á là, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, Ọlọ́run á sì jẹ́ kí o bá ìyá rẹ lórí àga.

Èmi ni baba rẹ.