Ọkọ̀ Ogun Tó Wọ Inú Bíró Oyèníkẹ́

Pobẹ̀, oṣù kẹta, 1987.

Oyèníkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara le, ṣé orí ò fọ́ ọ, ṣé òòyì ò kọ́ ọ? Èmi ìyá rẹ Àbẹ̀ní ni mo ń kí ọ láti ilé, bàbá rẹ kí ọ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ, ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi náà ti bímọ, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, wọ́n ń jẹ iṣu mi bí ẹni pé àwọn ló kọ ebè rẹ̀. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí kò ní gbójú kúrò lára rẹ lọ́hùn-ún. Ìjókòó tí o bá jókòó kò ní dojú dé mọ́ ọ lórí.

Kí n tó sọ ohun tó wà nínú mi, ẹ jẹ́ kí n kí ẹni tó bá ṣí lẹ́tà yìí wò ní pọ́sìtì. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ìlú. Obìnrin tó ń ṣe epo pupa ni mí, mo fẹ́ràn Ìyípadà tí ìjọba mú dé yìí, bí wọ́n bá ké "ehuzu" ní ìpàdé, pé ayé ti yí padà, èmi náà máa ń dáhùn "dandan", ohùn mi ni kò lọ sókè, kì í ṣe pé mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni mo kọ síbí, kò kan ìjọba. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ padà kí ẹ jẹ́ kó dé ọwọ́ ọmọ mi. Ǹ bá fi rán Ràṣídì awakọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu Ràṣídì ló kó wa sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Oyèníkẹ́, lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á fún bàbá rẹ bí a ti jẹun tán. O kọ ọ́ pé ọ̀gá rẹ ní Ganhi ní Kútọnù, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ti ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀dínatọ̀, pé ó dà bíi tẹlifísọ̀n, pé ó ń ṣírò ẹrù. Èyí yé wa, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n o tún kọ ọ́ pé bí iṣẹ́ bá ti parí, ọ̀gá rẹ a máa fi pálí pẹlẹbẹ kan bọ ẹ̀rọ náà lẹ́nu, ọkọ̀ òfúrufú ogun á sì yọ, ìwọ á sì máa wà á. Bàbá rẹ ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó ní bóyá mo ṣì í kà, mo ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

O ní pálí méjì ló wà. Ọkọ̀ inú ti àkọ́kọ́ kì í já, epo rẹ̀ kì í tán, ọta ìbọn rẹ̀ kì í tán, kódà bó forí sọ òkè, ńṣe ló máa ń ta padà bíi bọ́ọ̀lù. O ní irọ́ ni ìyẹn. O ní ìkejì ni òtítọ́, òun ni o sì fẹ́ràn, nítorí pé bí o bá fa ọ̀pá ìwakọ̀ rẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á kúrò lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, á sì já wálẹ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Bí o bá fi sáré jù, ẹ́ńjìnnì á gbóná. Bí bọ́ǹbù bá pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò ní fẹ́ yà bọ̀rọ̀. Aago kéékèèké kún iwájú rẹ̀, ọ̀kan ń ṣọ́ epo, ọ̀kan ń ṣọ́ ooru, ọ̀kan ń sọ bí ilẹ̀ ṣe jìn sí ọ tó, o sì gbọ́dọ̀ máa wo gbogbo wọn pọ̀. Bí o bá fẹ́ balẹ̀ tí o gbàgbé láti kọ́kọ́ sọ táyà kalẹ̀, ó parí nìyẹn. O wá fi bíìkì búlúù kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìyá mi, mo ti kú nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n mo ti ń mọ̀ ọ́n wà." Oyèníkẹ́, ta ní ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí abiyamọ?

Ohun tí kò yé mi rárá ni pé wọ́n gbé ọkọ̀ méjì síwájú rẹ, ọ̀kan kì í já, ọ̀kan ń já, o wá fi èyí tí kì í já sílẹ̀, o gun èyí tó ń já, o ní nítorí òtítọ́. Ṣé òtítọ́ ni wọ́n gbà ọ́ sí iṣẹ́ fún ni? Kí irọ́ gbé ọ lọ, kó gbé ọ bọ̀, ó tẹ́ èmi lọ́rùn.

O tún ní bí o bá yí ọkọ̀ náà lójijì, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lórí awakọ̀, ojú á sì ṣókùnkùn. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìyẹn ni mo ti ń wá póroporo ọkà bàbà, èyí tó pupa dáadáa, mo ti sá a, mo ti dì í sínú àpò, Ràṣídì á gbé e wá. Sè é, kí o mu ife kan kí o tó gun ọkọ̀, kí o mu òmíràn bí o bá sọ̀. Má bu fún ọ̀gá rẹ. Òun ló ra ọkọ̀, kó lọ wá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.

A ṣì ń tan ara wa pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni, nígbà tí Ràṣídì fi bàṣé, ọkọ̀ akérò rẹ̀, ti Kútọnù dé. O rántí pé mo fi gààrí rán an sí ọ. Ó ní òun gbé e dé bíró, ibi iṣẹ́ yín, òun yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ ni òun rí. O jókòó, o di ọ̀pá kan mú, ìkuukùu wà níwájú rẹ, ilẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ó ní òun kí ọ, o kò dáhùn. Ó ní afárá kan yọ lórí omi, o ju nǹkan sí i, iná sọ, èéfín yọ, afárá sì wó. Ràṣídì gbé gààrí sílẹ̀, ó sá wálẹ̀, nítorí ọ̀nà afárá ló ń gbà lọ sílé, kò sì mọ èyí tí o wó. Ibi tó ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ni ibùdókọ̀, lójú gbogbo èrò. Kí n tó gbé agbọ̀n mi délé láti ọjà, àwọn obìnrin ti ń kí mi kú ewu.

Ìgbà tí Ràṣídì ní ọkọ̀ ogun wà nínú bíró, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ni mo rántí. Ṣé o rántí Sunday yẹn ní 1977, tí a lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Gbégamey ní Kútọnù? Ọkọ̀ òfúrufú kan balẹ̀ ní pápá ọkọ̀, àwọn ajagun tí wọ́n fowó rà jáde nínú rẹ̀, ìbọn ń dún bí ẹní ń ya pákó, èmi pẹ̀lú rẹ sì dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ kékeré ni ọ́, o di etí mi mú, o ń bi mí bóyá ọkọ̀ náà máa wọlé wá bá wa. Mo sọ fún ọ pé ọkọ̀ òfúrufú kì í wọ inú ilé. Ohun tí mo fi tù ọ́ nínú nìyẹn, o sì sùn. Mi ò mọ̀ pé ó kàn ń wá ẹnu ọ̀nà ni.

Bàbá rẹ mú mi lọ bá Baba Làmídì, ẹni tó ṣe sójà fún àwọn Faransé ní Dákà nígbà kan. Wọ́n pe Ràṣídì, Baba Làmídì sì ń bi í léèrè. Ṣé ilé náà mì? Ràṣídì ní rárá. Ṣé etí rẹ̀ dí? Rárá. Ṣé òórùn epo wà? Ó ní òórùn kọfí ni. Inú mi fẹ́ẹ́ máa dùn. Baba Làmídì wá béèrè lẹ́tà rẹ, ó ní kí n ka ibi aago epo àti ibi táyà fún òun. Nígbà tí mo kà á tán, ó mi orí. Ó ní ní Dákà, kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ ogun gun ọkọ̀ gidi, inú àpótí kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e sí, kó lè já kó sì kú níbẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́. Bàbá rẹ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eré. Baba Làmídì ní, "Eré kì í rántí epo. Ẹni tó bá fi aago epo sí nǹkan, ó ní ibi tó fẹ́ gbé e lọ."

Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ kò ti jẹun dáadáa mọ́.

Ọ̀rọ̀ dé etí Kámáràdì Adéoyè, delegé ìlú wa, ẹni tó ń ṣọ́ Ìyípadà fún ìjọba. Wọ́n ránṣẹ́ pè wá sí ilé ìwé. Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀. Adéoyè bi bàbá rẹ pé orílẹ̀-èdè wo ló ni ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń wà, àti pé afárá ta ni ó wó. Ó ní bí òun kò bá rí èsì, òun máa kọ̀wé sí ìjọba ní Pọ́tọ̀nóòfò kí wọ́n wá gbé ọ ní Kútọnù. O mọ bàbá rẹ, kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó dìde, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Kámáràdì, ẹ̀rù tó ń bà yín nípa ọmọ yìí, ó ń bà wá jù yín lọ. Bí ẹ bá mọ ohun tó ń ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún wa."

Adéoyè ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Ràṣídì fi bí o ṣe ń ṣe é han òun. Wọ́n gbé àga olùkọ́ síwájú pátákó, wọ́n wá ọmọ odó kan fún Ràṣídì, ó fi í sáàárín orúnkún rẹ̀, ó ń tì í síbí sọ́hùn-ún. Adéoyè ní awakọ̀ bàṣé kò lè ṣàlàyé ọkọ̀ òfúrufú, pé kó dìde. Òun fúnra rẹ̀ jókòó, ó gba ọmọ odó, ó sì ní kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kí n máa ka ohun tí o kọ.

Mo kà á pé kó fà á díẹ̀díẹ̀. Ó fà á díẹ̀díẹ̀. Mo kà á pé kó wo aago ooru. Ó wo pátákó. Ó ní òun ti wà lókè báyìí, òun ń rí òrùlé wa. Ó fẹ́ yà, Baba Làmídì sọ láti ẹ̀yìn pé bọ́ǹbù wúwo, kó má yà á lójijì, ṣùgbọ́n ènìyàn ńlá ni Adéoyè, ó yà á lójijì. Mo ka ibi ẹ̀jẹ̀. Ó di ojú rẹ̀, òógùn sì bò ó. Ó ní òun fẹ́ balẹ̀. Ibi tí o kọ ọ̀rọ̀ táyà sí wà lẹ́yìn ìwé, kí n tó yí i, ó ti ní òun ti balẹ̀. Mo wá ka ti táyà fún un.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Adéoyè wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́. Ó rọra gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní kí á máa lọ sílé, òun kò ní kọ̀wé síbì kankan mọ́, ẹ̀kọ́ tó le ni ọmọ yìí ń kọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ní kí n sọ fún ọ ni pé kí o má ṣe wà á kọjá lórí Pobẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ìjọba ṣe tán nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèmi kò tán. Mo mọ̀ pé ọmọ odó ni, mo mọ̀ pé àga ilé ìwé ni, síbẹ̀ mo rí ọkùnrin ńlá kan tó ṣubú lójú mi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níwájú pátákó, báwo ló ṣe máa rí níwájú ẹ̀rọ tó mọ gbogbo rẹ̀ dé orí ooru ẹ́ńjìnnì? Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé o kú, o tún dìde, o tún bẹ̀rẹ̀. Ikú máa mọ́ ọ lára, ọmọ mi. Lọ́jọ́ kan o máa fẹ́ sọdá títì ní Ganhi, o ò ní wo apá ọ̀tún, o ò ní wo apá òsì, bẹ́ẹ̀ mọ́tò ibẹ̀ kò ní pálí tí wọ́n lè fi bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí o tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, padà sínú ọkọ̀ tí kì í já. Bí ọ̀gá rẹ bá ní dandan ni kí o wa ti òtítọ́, wà á, ṣùgbọ́n rìn nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní ti ilé, ìjì ti ṣí òrùlé ilé ìdáná, omi sì ń bọ́ sínú ìkòkò mi. Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ owó díẹ̀, rántí wa. Baba Làmídì tún sọ fún mi pé irú epo àtùpà wa ni ọkọ̀ ogun ń mu. Epo àtùpà ti wọ́n níbí, òkùnkùn ni a fi ń jẹun. Bí ó bá ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí o bá balẹ̀, rọra bẹ ọ̀gá rẹ kó jẹ́ kí o rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí o fi rán Ràṣídì. Má rọ ọ́ tán o, kí ẹni tó bá gùn ún lẹ́yìn rẹ má lọ bọ́ sójú ọ̀nà.

Bí o bá dìde lórí àga yẹn, bọ́ bàtà rẹ, fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan iyanrìn Kútọnù kí o tó kúrò níbẹ̀, kí ara rẹ lè mọ̀ pé o ti dé. Òkè kò ní já lé ọ. Ilẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tó ń fò kò ní gbé ọ lọ síbi tí ohùn mi kò lè dé. Ọjọ́ tí o máa darúgbó, àárín àwọn ọmọ rẹ ni o máa jókòó sí.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò gun ohun kan tó ga ju àkàbà lọ,
Àbẹ̀ní.

Bàbá rẹ gba bíìkì lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà gígùn tí o rí nísàlẹ̀ ìwé yìí. Mo bi í pé kí ni ó kọ, nítorí o mọ̀ pé kò lọ sílé ìwé. Ó ní títì ni, pé láti Kútọnù ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà wa ló parí sí, kí o gba orí rẹ̀ wá sílé ní Ọdún Àjíǹde.