Ògiri Tí Ẹ Kò Rẹ́ Tán

Bàbá mi, ọ̀gá bíríkìlà,

Wọ́n ti so yìgì mi o! Sátidé tó kọjá ni. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó jẹun. Músíliù tó ń tún fóònù ṣe ní Òtígbà ni ọkọ mi. Bó bá ti rí mi, ẹ̀rín ni. Ẹ̀gbọ́n yín ló jókòó síbi tó yẹ kí ẹ jókòó. Mi ò wo apá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ mi fi mí sílẹ̀ kí n mú ibi tó wù mí tí a ó ti jẹun. Ẹ mọ ibi tí mo mú? Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ àwọn òyìnbó rélùwéè n'Ìkẹjà, tí ẹ ń bá wọn tún ṣe lọ́jọ́ tí ẹ jáde tí ẹ ò padà wálé. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé oúnjẹ àwọn ará Ítálì, wọ́n ń ta wáìnì níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ìgò ọtí wọ yàrá wa, ṣé wọ́n sọ fún yín?

Nígbà tí ẹ kú, wọ́n lé Màámi lẹ́nu géètì ilé yẹn. Fọ́máànù takú pé ẹ ò wọnú ilé lọ́jọ́ náà, pé ìta lẹ fúnra yín ti ṣubú. Ṣùgbọ́n èmi, pẹ̀lú làálì lọ́wọ́, ṣe ni wọ́n sáré ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi oríkèé ìka kan ògiri tí ẹ bá rẹ́ tán, tí ẹ ó gbé etí sí i? Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, ẹ ó hó o dànù, ẹ ó tún un rẹ́. Mo ń gun àtẹ̀gùn lọ, mo ń kan ògiri. Kó. Kó. Kó. Iṣẹ́ yín ni, Bàbá! Bíi pé mo gbọ́ ohùn yín ló rí. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ṣé ògiri lẹ fẹ́ jẹ ni?"

Lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n to wáìnì sí, ó dún bí igbá òfìfo. Mo tún kàn án. Òfìfo ni, títí dé igun. Ẹlòmíràn ló rẹ́ ibẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ yín dúró sí. Ẹ̀yin ò ní fi irú ẹ̀ sílẹ̀ láé. Mo wo ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó jìn.

Ṣé ẹ̀rù bà yín? Ṣé ẹ pe ẹnikẹ́ni?

Nígbà tí mo padà sídìí tábìlì, oúnjẹ ti tutù. Ọkọ mi rò pé ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún. Ayọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Kí làálì yìí tó ṣí lọ́wọ́ mi, mo máa mú Màámi gba ẹnu géètì yẹn wọlé, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn án.

Èmi ni,
ọmọ yín tó máa ń bá yín pọn omi sìmẹ́ńtì.